Ìdí Tí Àwo The Dark Side of the Moon Kò Fi Tíì Gbó

Oṣù Kẹta ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwo The Dark Side of the Moon jáde. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi wà ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Nílùú wọn gan-an, ipò kejì ló bá a dé. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àtẹ Amẹ́ríkà yẹn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ 700 láàárín ọdún 1973 sí 1988, iye tí wọ́n sì ti tà káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 40. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ lónìí ni wọn kò tíì bí nígbà tó kúrò lórí àtẹ náà. Àwa tí a ń kọ èyí wà lára wọn.

Àlàyé pọ̀ nílẹ̀. Àwọn kan ní àwòrán ara páálí rẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ funfun tó wọ inú gíláàsì onígun mẹ́ta tó sì jáde ní àwọ̀ òṣùmàrè. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, torí òun ni wọ́n fi ń dán ohùn ẹ̀rọ wò fún oníbàárà. Àwọn kan tiẹ̀ ní igbó ni. A ò ní bá wọn jà, àmọ́ igbó ti wà kí àwo yìí tó dé, ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n sì fi igbó gbọ́ lọ́dún náà ni kò sẹ́ni tó rántí mọ́.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló mú un pẹ́. Orin progressive rock ìgbà náà fẹ́ràn ìtàn oṣó àti ti ayé mìíràn. Orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán. Nígbà tí ọdún 1971 ń parí lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Roger Waters, David Gilmour, Richard Wright àti Nick Mason, pàdé nílé Mason tó jẹ́ onílù wọn. Waters ní kí àwọn fi ọ̀rọ̀ tó yéni kọ àwo kan odindi lórí ohun tó ń ni ènìyàn lára: àkókò, owó, ikú, orí tó ń dàrú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe àròsọ fún wọn. Syd Barrett, tó jẹ́ aṣáájú wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn àkọ́kọ́, ni ọkàn rẹ̀ dàrú, oògùn LSD náà sì dá kún un, títí tó fi kúrò láàárín wọn lọ́dún 1968.

Orin Time ni a fẹ́ dúró lé lórí. Waters ti ṣàlàyé pé láti kékeré ni wọ́n ti jẹ́ kóun gbà pé ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé ayé gan-an ń bọ̀ níwájú. Ìgbà tó ń sún mọ́ ẹni ọdún 30 ló já sí i pé ayé náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó fun fèrè fún òun. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sílé fún oṣù bíi mélòó kan nítorí ìyanṣẹ́lódì, tó tún wá ń dúró de lẹ́tà àgùnbánirọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orin yìí fún un.

Wọn kò sì kánjú. Láti oṣù Kìíní ọdún 1972 ni wọ́n ti ń ṣe é lójú agbo, ó lé lọ́dún kan kó tó jáde. Ní Brighton, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀rọ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé orí Money, ni wọ́n bá dá orin dúró. Abbey Road ní London ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ilé kan náà tí Fela wa ti gba Fela's London Scene sílẹ̀ lọ́dún 1971. Kò sí kọ̀ǹpútà. Ìró owó ẹyọ, bébà tó ń ya àti ẹ̀rọ ìgbowó inú Money, téèpù ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi rúlà wọ̀n, tí wọ́n sì so pọ̀ kó lè máa yí po. Ìlù orin náà ń ka méje dípò mẹ́rin tí etí mọ̀, kẹ́ni tó bá fẹ́ jó sí i ṣọ́ra. Aago tó ń dún wìnrìnwìnrìn níbẹ̀rẹ̀ Time, Alan Parsons tó ń bójú tó ẹ̀rọ ló ti gbà wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́, fún iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ má ṣe da orin inú rẹ̀ rú lórí fóònù yín. Orin kan ń ṣàn wọ inú èkejì ni, àfi ibi tí wọ́n ti ń yí àwo dà. Orin ikú ló parí ojú kìíní. Ìró owó ló ṣí ojú kejì.

Waters tún kọ ìbéèrè sórí páálí kéékèèké, ó ń bi àwọn tó wà nítòsí bóyá ẹ̀rù ikú ń bà wọ́n, tàbí ìgbà wo ni wọ́n jà kẹ́yìn. Ó bi Paul McCartney pàápàá, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò wọ inú àwo. Ti Gerry O'Driscoll, tó ń ṣọ́nà ní Abbey Road, ló wọ̀ ọ́, ohùn rẹ̀ ni a sì gbọ́ kẹ́yìn kí àwo tó parí.

Àti Clare Torry. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí wọ́n pè é lọ́jọ́ Sunday kan ní oṣù Kìíní ọdún 1973, pé kó wá kọrin lórí dùùrù Wright. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan fún un. Ó wá fi ohùn rẹ̀ ṣe bí ohun èlò orin, ó ké, ó rọlẹ̀, ó tún ké, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tó ń lọ sílé, ó rò pé wọn kò ní lò ó. Ìyẹn ni The Great Gig in the Sky. 30 pọ́ùn ni wọ́n san fún un. Orin tí wọ́n fi bú owó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti di olówó, 30 pọ́ùn sì ni ẹni tó bá wọn sunkún gbà. Ọdún 2004 ló tó pe ẹgbẹ́ náà àti iléeṣẹ́ EMI lẹ́jọ́. Wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí lọ́dún 2005, ó sì ti pẹ́ jù lójú tiwa. Àwọn àwo tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà ń kọ orúkọ méjì sí orin yẹn: Wright àti Torry.