Àwòrán Ilẹ̀ àti Ẹ̀rí Rẹ̀ ní Abidjan

Bí ìjà ààlà bá dé ààfin ní ilẹ̀ wa, pérégún tí ó wà láàrin oko méjì kì í tó láti parí rẹ̀. Àwọn àgbà yóò bèèrè pé: Ta ni ó gbìn ín? Nígbà wo ni? Ojú ta ni ó ṣe? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn, igi lásán ni pérégún náà. Bákan náà ni àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba ń yà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Abidjan, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti sọ di ilé.

Ní ọdún 1893 ni ìjọba Faransé sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àmúsìn; ní ọdún 1934 ni wọ́n sọ Abidjan di olú ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Dakar ni ilé iṣẹ́ tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fún gbogbo agbègbè Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà. Lẹ́yìn òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, orílẹ̀-èdè náà dá ilé iṣẹ́ awọnlẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí awọnlẹ̀ tí ó lè wọn ilẹ̀ láìní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìpilẹ̀ ìwọ̀n kan tí wọ́n lò ní Abidjan ni a ń pè ní Locodjo 1965. Nígbà tí ó yá, òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abidjan 1987. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ GPS, tí ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ní ìpilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mú nọ́ńbà inú ẹ̀rọ yìí, tí ó sì fi í sórí àwòrán àtijọ́ láìṣe àtúnṣe, ibi tí ó fi àmì sí yóò fi ohun tí ó ju 400 mítà lọ jìnnà sí ibi tí ó yẹ. Oko kòkó odindi mọ̀lẹ́bí lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láàrin ìwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1998 sọ pé ìjọba àti ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ni ilẹ̀ oko. Àlejò lè háyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ní láti di ìwé, ìwé náà sì ní láti ní ààlà tí a wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lára àwọn aáwọ̀ tí ó pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì láti ọdún 2002. Ní ọdún 2016 ni ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ oko nìkan, kí iṣẹ́ náà lè yára.

Kí ni oògùn rẹ̀? Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀: ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, ọdún tí ó wọ̀n ọ́n, ìpilẹ̀ tí ó lò, bí ìwọ̀n náà ti péye tó, àti ibi tí ó wà. Ní ọdún 1994, Ààrẹ Clinton pàṣẹ irú èyí fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2003, gbogbo ayé ní ìlànà kan fún un, ISO 19115. Abidjan náà ti fìgbà kan ní ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè fún ọ̀rọ̀ àwòrán ilẹ̀, CNTIG, ó sì ní ilé iṣẹ́ BNETD tí ó jogún iṣẹ́ awọnlẹ̀ ìjọba.

Ṣùgbọ́n ìlànà nìkan kò tó. Níbi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá ti ń ti àpótí tirẹ̀ pa, tí ó jẹ́ pé orí akọ̀wé àgbà kan ni gbogbo ìmọ̀ wà, ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì ni ìmọ̀ náà bá a lọ. Ẹ̀ka kejì yóò sì tún fi owó ìlú wọn ilẹ̀ tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí a má ṣe wo Abidjan bí ẹni ń wo oko olóko. Nàìjíríà náà ní ìpilẹ̀ àtijọ́ tirẹ̀ ní Minna, òun náà kò sì bá ti sátẹ́láìtì mu. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwòrán ilẹ̀ tí kò mọ ìpilẹ̀ rẹ̀, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tí a ń ya á fún.