Ta Ni Ibn Abza?

Nígbà ìjọba Sàyídínà Umar (634–644), kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, Nafi ni gómìnà Mẹ́kà. Ó wá pàdé Umar ní Usfan. Umar bi í pé ta ló ń délé dè é.

"Ibn Abza ni."

"Ta ni Ibn Abza?"

"Ẹrú tí a ti dá sílẹ̀ ni."

Ó ya Umar lẹ́nu: ẹrú àná lórí àwọn ará Mẹ́kà? Nafi ní ó mọ Al-Kùránì kà, ó sì mọ ìmọ̀ ogún pípín. Umar fara mọ́ ọn. Ó rántí ohun tí Ànábì sọ, pé tírà yìí ni Ọlọ́hun fi ń gbé àwọn kan ga.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Umar náà béèrè orírun, ṣùgbọ́n ó dúró gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ olùkọ́ níbì kan, "Ọmọ ta ni ẹ́?" ni wọ́n bi mí. Wọn kò bi mí ní Lárúbáwá kankan.