Òkúta tó sọ Ìlọrin lórúkọ, àti ilé alágbẹ̀dẹ tí kò sí mọ́

Ẹni tó bá wá wo ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, ààfin Ẹ́míà àti mọ́ṣáláṣí ńlá ni wọ́n máa ń mú un lọ. Ibi tí àwa fẹ́ kí ẹ yà sí kéré sí ìyẹn: agboolé Aṣájú ní Ìdí-Àpẹ. Òkúta kan wà níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé orí rẹ̀ ni Òjó Ìṣekúṣe, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ti máa ń lọ irin.

Àwọn kan ní "Ìlú Erin" ni orúkọ ìlú yìí. Àwa kò fara mọ́ ọn, ohùn èdè ló sì fà á. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "lọ̀", ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, á di ohùn àárín: lọ irin, lọrin. Ẹ fi "ì" síwájú, Ìlọrin nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohùn òkè tó wà nínú "ìlú" ńkọ́? Ibo ló gbà lọ?

Tó bá jẹ́ ibi ìlọrin ni lóòótọ́, irú ilé wo ni iṣẹ́ irin ń gbé? Ilé amọ̀ ni ti àwọn baba wa, kì í ṣe bíi ti àwọn ará Jámánì àtijọ́ tí igi gbé ògiri àti òrùlé ró. Wọ́n á fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ipele kan yíká, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ìdí nìyí tí ilé kíkọ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ́rígbà àti òrùlé ni igi ń wà, nítorí ikán. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé ewé gbòdògì ni àwọn ará igbó ń lò.

Koríko àti iná kò sì lè jọ gbé. Àgbẹ̀dẹ máa ń wà lọ́tọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà: òpó mélòó kan, òrùlé gíga, kò sí ògiri tó máa dí atẹ́gùn. Níbẹ̀ gan-an ni igi ti di egungun ilé. Ewìrì, igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi awọ bò, wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á máa fi ọ̀pá méjì fín in, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, atẹ́gùn á gba ẹnu amọ̀ wọ inú èédú. Ọ̀gá jókòó, ẹ̀mú lọ́wọ́ kan, ọmọ owú lọ́wọ́ kejì. Àwọn aláwàdà àti oníròyìn àdúgbò kì í wọ́n níbẹ̀.

Ní 1909, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti gba Ìlọrin dé Jẹ́bà. Páànù àti irin òkèèrè rọrùn láti kó wọlé. Páànù kò bẹ̀rù iná tó ń ta, ṣùgbọ́n ooru abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n.

Òkúta Ìdí-Àpẹ ṣẹ́ kù nítorí pé òkúta ni. Àgbẹ̀dẹ olópòó igi kì í fi ògiri sílẹ̀, ikán á jẹ ẹ́ tán. Ìdàrọ́ nìkan ló máa ń kù: ìdì irin dúdú tó le, tó kún fún ihò. Tẹ́ ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ agboolé náà, kí wọ́n tó kó o mọ́ ilẹ̀ dànù.