Ìtọ́jú Ilé fún Àrùn Ìgbóná Ọmọdé láàrin àwọn Yorùbá Abidjan

Ìtọ́jú ilé fún àrùn ìgbóná ọmọdé ni àpapọ̀ ewé, òróró, oúnjẹ, ìwẹ̀ àti èèwọ̀ tí àwọn òbí Yorùbá ń lò nígbà tí ara ọmọ bá gbóná tí nǹkan sì sú bò ó. Àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, gbé ìmọ̀ yìí lọ láti ilé. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé ìmọ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn àti ètò ìlera tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀. Ìtàn ìtọ́jú náà kò ṣe é yà kúrò lára ìtàn orúkọ kan. Orúkọ kan ṣoṣo, ìgbóná, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe àrùn mẹ́ta tí agbára wọn kò dọ́gba, ìtọ́jú tí ó sì bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu.

Orúkọ kan, àrùn mẹ́ta

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni ìgbóná ńlá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní variole. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá mú láìgba àjẹsára, a máa pa nǹkan bí 3. Àwọn tí ó bá yè a máa gbé àpá rẹ̀ lójú títí ayé, ojú àwọn mìíràn a sì fọ́. Èkejì ni èéyi, tí wọ́n ń pè ní rougeole ní Abidjan. Ibà, ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ojú pípọ́n ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ara yóò sú, láti ojú àti ẹ̀yìn etí wá sí ìsàlẹ̀ ara. Ẹ̀kẹta ni varicelle, tí àwọn Yorùbá Nàìjíríà ń pè ní ṣíkìn-pọ́ọ̀sì. Ìléròrò kéékèèké tí omi wà nínú wọn ni ti èyí, wọn a máa yọ ní ìpele-ìpele, wọn a sì máa yún ọmọ púpọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọdé, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì kan náà. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ lójú ìyá ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mú ara gbóná, wọ́n ń mú ara sú, wọ́n sì ń ràn láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì nínú agbo ilé.

Nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́, Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ni ìgbóná. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dípò bẹ́ẹ̀ wọn a pè é ní Ọbalúayé, Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Wọ́n gbà pé ọ̀sán gangan ni ó ń rìn, nígbà tí oòrùn bá mú jù. Ìgbàgbọ́ yìí kò jìnnà sí ohun tí ojú rí, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbóná ńlá àti èéyi máa ń pọ̀ jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Fọn ilẹ̀ Dàhómì náà ní òrìṣà kan náà, Sakpata ni wọ́n ń pè é. Nítorí ìdí èyí, nígbà tí Yorùbá bá àwọn ará Dàhómì gbé ní ìlú àjèjì, ẹ̀rù kan náà ni wọ́n jọ ń bà.

Àwọn Yorùbá ní Abidjan

Ní 1900 ni àwọn Faransé kó olú ìlú wọn kúrò ní Grand-Bassam lọ sí Bingerville, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1899. Ní 1934 ni Abidjan di olú ìlú. Ọ̀nà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti ibẹ̀ lọ sí àríwá, àti ọ̀nà omi Vridi tí ó sọ ọ́ di èbúté ńlá ní 1950, fa ọ̀pọ̀ oníṣòwò wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ejìgbò ti ń lọ síbẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Anango ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Treichville àti Adjamé wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n ti fìdí múlẹ̀ jù. Ìrìn àjò láàrin Ejìgbò àti Abidjan kò tíì dáwọ́ dúró, débi pé èdè Faransé kì í ṣe ohun àjèjì ní Ejìgbò lónìí.

Ìrìn àjò yìí ni ó jẹ́ kí egbòogi ilé wà ní ààyè rẹ̀. Ìyá tí ó bímọ sí Treichville lè rí ẹfun, osùn àti òrí rà ní ọjà. Bí kò bá rí ewé kan, ìyá àgbà lè fi í ránṣẹ́ láti ilé. Ní ọjà kan náà ni àwọn Jùlá, Baulé àti Mosi ti ń ta ewé àti egbò tiwọn. Ní 1979, onímọ̀ ewéko méjì, Édouard Adjanohoun àti Laurent Aké-Assi, tẹ ìwé kan jáde ní Abidjan tí ó ṣe àkójọ àwọn ewéko ìwòsàn ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ní 2015, ìjọba orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin tí ó ṣètò iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ìtọ́jú náà

Ẹ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí àrùn bá gbóná, ohun tí ó tutù ni a fi ń kojú rẹ̀. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni ewé ẹ̀rọ̀ tí a mọ̀ jù, omi ìgbín sì jẹ́ ohun ìtutù pàtàkì. Wọn a gbo ewé náà sínú omi, wọn a fi wẹ ọmọ. Ẹfun tí a pò mọ́ omi ni a ń fi kun ibi tí ó ń yún. Ní Abidjan, kaolin ni ẹfun ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Òrí, àdín àti osùn ni a ń fi pa ara nígbà tí ìléròrò bá ti gbẹ. Ẹ̀kọ tútù àti omi ògì ni oúnjẹ aláìsàn. Dóńgóyárò, tí ọ̀pọ̀ ń bọ̀ fún ìwẹ̀ lónìí, kì í ṣe ewé àtijọ́: láti Éṣíà ni wọ́n ti gbé igi náà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà ìjọba amúnisìn. Èyí fi hàn pé ìtọ́jú ilé kò dúró sójú kan.

Èèwọ̀ náà wà. Wọn a máa pa ọmọ náà mọ́ sínú ilé, wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mìíràn bá a ṣeré, ariwo a sì dínkù ní àyíká rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó bí èèwọ̀ yìí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín ìtànkálẹ̀ àrùn kù.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ó gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: pé èéyi gbọ́dọ̀ yọ síta tán, nítorí pé èyí tí ó bá wà nínú ni ó ń pani. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń da ẹmu sí ọmọ lára tàbí kí wọ́n fún un mu, kí ó lè tètè sú. Ìrírí wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí ó ń pa ọmọ tí èéyi mú. Ṣùgbọ́n láti inú ẹ̀kọ́ kan náà ni ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti wá, pé yóò lé àrùn padà sínú. Ìbẹ̀rù yìí mú kí ọ̀pọ̀ òbí pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àjẹsára, ìjọba àti ìfura

Áfíríkà kò ṣe àjèjì sí ọgbọ́n ìdènà ìgbóná. Ní Boston, ṣáájú 1721, ọkùnrin ẹrú kan tí wọ́n gbé wá láti Áfíríkà, Onesimus, ni ó ti sọ fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, bí wọ́n ṣe ń mú díẹ̀ lára omi ìléròrò sínú awọ ẹni tí ara rẹ̀ le kí àrùn náà má bàa pa á. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ohun tí ó ju ọdún 75 lọ ṣáájú kí Edward Jenner tó dán àjẹsára tirẹ̀ wò ní 1796.

Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara, tí a bí ní 1861, dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé àwọn kan nínú wọn ń tan àrùn náà kálẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń gba ẹrù ẹni tí ó bá kú. Ní 1907, ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn náà. Òfin náà fi kún ìkọ̀kọ̀ tí ó ti bo àrùn yìí tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ abẹ́ Faransé, ìjọba tí ó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ni ó ń gba owó-orí tí ó sì ń fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́. Kò sì yani lẹ́nu bí àwọn ènìyàn bá wo dókítà bí aṣojú ìjọba. Félix Houphouët-Boigny, tí ó padà di ààrẹ àkọ́kọ́, jẹ́ dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Dakar kí ó tó di olóṣèlú. Òfin tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe náà ní 1946.

Òpin ìgbóná ńlá

Ní 1967, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ akitiyan tuntun láti pa ìgbóná ńlá run. Ní ọdún kan náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Áfíríkà, Côte d'Ivoire wà lára wọn. Àjẹsára ìgbóná ńlá àti ti èéyi ni wọ́n jọ ń fún àwọn ọmọdé. Ní oṣù karùn-ún 1970, Nàìjíríà ní àwọn aláìsàn ìgbóná ńlá tí ó kẹ́yìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 8 oṣù karùn-ún 1980, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera kéde pé àrùn náà ti parẹ́ ní gbogbo ayé.

Èéyi kò parẹ́. Ní Gambia, ètò yẹn dá a dúró pátápátá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ètò náà tán, àrùn náà padà. Ní Iléṣà, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ti fi hàn ṣáájú èyí pé èéyi ń pa àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ju bí àwọn dókítà Yúróòpù ṣe rò lọ, pàápàá ọmọ tí oúnjẹ kò tó.

Nípa bẹ́ẹ̀, èyí tí ó burú jù nínú àwọn àrùn mẹ́ta náà kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kú. Lọ́dọ̀ àwọn kan, gbólóhùn náà pé ìgbóná ti parẹ́ mú kí wọ́n fojú kéré èéyi. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, varicelle tí kò le rárá ń mú ìbẹ̀rù àtijọ́ wá.

Ohun tí ó kù fún ìtọ́jú ilé

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní gba púpọ̀ nínú ìtọ́jú ilé mọ́ra. Omi tútù díẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èékánná tí a gé, omi mímu àti ọyàn tí a kò dá dúró, gbogbo wọn dára fún èéyi àti varicelle. Ẹfun àti òrí lè mú ìyún rọlẹ̀, bí wọ́n bá mọ́ tí ojú egbò kò sì là. Epo pupa tí a kò jó ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, àǹfààní rẹ̀ sì wà nínú jíjẹ.

Àwọn mìíràn léwu. Omi ewé, epo tàbí ọyàn tí a kán sí ojú ọmọ tí èéyi mú ti fọ́ ojú ọ̀pọ̀ ọmọ ní Áfíríkà. Fífi oúnjẹ àti omi du ọmọ léwu, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu. Aspirin pàápàá, tí a lè rà lọ́wọ́ olóògùn tí ń kiri, kò yẹ fún ọmọ tí ó ní varicelle, nítorí pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde láti Gúúsù Áfíríkà ní 1990 fi hàn pé fítámì A dín ikú kù gan-an láàrin àwọn ọmọ tí èéyi wọn le. Láti ìgbà náà, fífún ọmọ ní ìwọ̀n kan fún ọjọ́ méjì ti di ara ìtọ́jú èéyi ní ilé ìwòsàn. Kò sí àgbo tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí ó ń mí gúlegúle, tí kò lè mu omi, tí gìrì mú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dun ún kò gbọ́dọ̀ dúró sílé.

Ní 2024, àrùn mpox dé Côte d'Ivoire, òun náà sì ń mú ara gbóná, ó sì ń mú ara sú. Ìbátan ìgbóná ńlá ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Ara ọmọ kékeré kan ní Congo ni a ti kọ́kọ́ rí i lára ènìyàn ní 1970. Àjẹsára àtijọ́ a máa dáàbò bo ènìyàn díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a bí lẹ́yìn 1980 kò gbà á. Àrùn kẹrin ti wọ abẹ́ orúkọ náà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé, kí ìyá kan ní Abobo tàbí Treichville tó yan ewé tí yóò gbo, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni ìgbóná wo ni ó wà lára ọmọ rẹ̀.