ÌWÉ ÌRÒHÌN ÀTI ÌSOPỌ̀ ÈRÒ NÍNÚ ÀKÀYÉ

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, oníwàásù ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni wọ́n ń tà á. Ohun tí Townsend sọ pé òun ń lépa ni kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa wá ìmọ̀ nípa ìwé kíkà. Ìwé náà kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ìwé àdúrà. Ìròyìn ni. Ó ti ju ọgọ́jọ ọdún lọ báyìí tí ọmọ Yorùbá ti ń bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ pàdé ní èdè rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò bi ara wa ni èyí: ǹjẹ́ a ti kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń kà á?

Ohun tí Mo Rí ní Kíláàsì

Ní Owódé, níbi tí mo ti ń kọ́ni, mo kọ àyọkà kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi:

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ní 1865, wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí wọ́n dó ti Ìkòròdú kúrò níbẹ̀. Ní 1867, ìjọba Èkó kó ọlọ́pàá sí orí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: a fọ́ ilé ìjọsìn, a lé àwọn oníwàásù òyìnbó, a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìwé Ìròhìn kò jáde mọ́.

Mo bèèrè pé kí ni ó pa Ìwé Ìròhìn. Ọ̀pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ìfọ́lé." Wọn kò ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ohun tí ó kan Èkó nínú ọ̀rọ̀ náà, kíláàsì dákẹ́. Ọ̀kan ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, Èkó kò sí nínú ìbéèrè yẹn."

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kan náà lè sọ ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí págunpàgun. Kí ni ìyàtọ̀? Apàlọ́ a máa sọ ọ́ síta pé, "Ìdí nìyí." Ẹni tí ó kọ ìròyìn lè to gbólóhùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó fi okùn tí ó so wọ́n pọ̀ sílẹ̀ fún òǹkàwé láti wá.

Bàbá àti Ọmọ

Ohun tí wọ́n mọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn méjì sí ojú pátákó: "Òjò kò tètè rọ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wọ́n ní ọjà." Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé; gbogbo wọn ló fi "nítorí náà" sí àárín. Mo wá ní kí wọ́n mú gbólóhùn àyọkà àkọ́kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi í pé: ta ni bàbá rẹ? Ta ni ọmọ rẹ?

Báyìí ni wọ́n ṣe rí i pé ọlọ́pàá 1867 kò bá ti dé bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá ti gba Èkó, àti pé inú tí ó ti ń bí àwọn Ẹ̀gbá láti Ìkòròdú ni ó ru sókè. Ọ̀rọ̀ ìbínú kò sí nínú àyọkà. Àwọn ọmọ ni ó yọ ọ́ jáde. Ọ̀kan tilẹ̀ bèèrè ìdí tí a fi lé oníwàásù nígbà tí kì í ṣe òun ni ó kó ọlọ́pàá wá. Mo dáhùn pé lójú ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà, ọmọ ilé kan náà ni oníwàásù òyìnbó àti ìjọba Èkó.

Kì í Ṣe Gbogbo Aṣáájú Ni Bàbá

Mo tún fi gbólóhùn méjì kún un: ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ní 1860 kan náà ni a fi abala Gẹ̀ẹ́sì kún Ìwé Ìròhìn. Kíá ni ẹnìkan ní ogun ni ó fa abala Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ó fi gbólóhùn tí ó jẹ́rìí sí i hàn mí. Ó wá a, kò rí i. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: nǹkan méjì lè bọ́ sí ọdún kan náà láìbá ara wọn tan. Ìbátan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí.

Sí Àwa Olùdánwò

Bí ó bá jẹ́ pé àdàkọ gbólóhùn kan ti tó láti dáhùn gbogbo ìbéèrè wa, àdàkọ náà ni olùkọ́ yóò máa kọ́ ọmọ. Nínú àkàyé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè kan ó kéré tán wà tí ìdáhùn rẹ̀ pín sí ìpínrọ̀ méjì, kí a sì fún ìsopọ̀ náà ní máàkì tirẹ̀, bí gbólóhùn ọmọ náà kò tilẹ̀ dán. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Gbólóhùn kan kì í dá àyọkà ṣe. Ọmọ tí kò lè so ọ̀rọ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a so ó, bí ó ti wu onítọ̀hún.

A ba ẹ̀rọ Townsend jẹ́ ní 1867. Iṣẹ́ tí ó fi í bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa.