Kí A Rà Á Ni, àbí Kí A Tò Ó? Ìtàn Kọ̀ǹpútà Kékeré láti Ìkẹjà dé Òjòkú

Òjòkú, ìlú àwọn Ìbọ̀lọ́ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò jìnnà sí Ọ̀fà rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ní Òjòkú, Ọ̀fà ni yóò kọ́kọ́ forí lé. Bí kò bá rí ohun tí ó ń wá níbẹ̀, a jẹ́ pé Ìlọrin ni ó kàn. Ìbéèrè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé wọ ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí òun ra kékeré tí ilé iṣẹ́ ti tò tán, èyí tí kò ju ìwé ńlá kan lọ tí a sì lè so mọ́ ẹ̀yìn mónítọ̀ ni, àbí kí òun ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun sì tò ó fúnra òun? Ọ̀rọ̀ òde òní ni ó jọ létí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń béèrè rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó lè là á yé ni jù. Ẹnìkan a ra ọ̀pá aṣọ, a gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ẹlòmíràn a ra rẹ́dímédì. Ẹlòmíràn a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òkìríkà, a ṣa èyí tí ó dára níbẹ̀. Ìtàn kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà kò kọjá ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, òkìríkà ni ó sì borí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ di ohun tí ènìyàn kan ṣoṣo lè dá ní, títò ni ó wọ́pọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics ní Amẹ́ríkà gbé Altair 8800 sí iwájú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yà ara inú páálí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rà á gbà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi irin gbígbóná àti òjé so ó pọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Steve Jobs àti Steve Wozniak gbé Apple àkọ́kọ́ jáde. Paul Terrell, tí ó ni ilé ìtajà Byte Shop, sọ fún wọn pé òun yóò ra 50, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ pátákó òfìfo: kí wọ́n so gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé e wá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rà á ṣì ní láti wá kíbọ́ọ̀dù, àpótí àti ohun tí yóò máa fún un ní iná. Terrell ti rí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ méjì náà kò tíì rí, pé àwọn tí ó fẹ́ lo ẹ̀rọ pọ̀ púpọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ tò ó lọ.

IBM ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, láìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, kánkán ni ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà yá. Ó ra prósẹ́sọ̀ lọ́wọ́ Intel, ó gba ètò ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Microsoft, ó sì tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé bí inú ẹ̀rọ náà ṣe rí. Láìpẹ́, àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí Intel mú ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ATX wá ní ọdún 1995, ojú ihò ìdè, ẹnu wáyà àti fífẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ti di ohun àjọmọ̀ káàkiri ayé. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí a ṣe ní Taiwan lè wọ inú kéèsì tí a ṣe ní Ṣáínà láìsí pé ẹni tí ó ṣe ọ̀kan mọ ẹni tí ó ṣe èkejì. Ẹnu ọ̀nà yìí ni oníṣòwò Nàìjíríà gbà wọlé.

Ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni a sábà máa ń so kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà mọ́. Ẹ̀rọ àwọn ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá ni nígbà náà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá kí òun tò ó nílé. Ìbéèrè náà kò dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù títí di ẹ̀wádún 1990, nígbà tí àdúgbò Òtígbà ní Ìkẹjà, tí ó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà. Ṣọ́ọ̀bù kún ojú pópó Òtígbà, ó ràn dé Ọlá-Ayẹni, Pepple àti Francis Oremeji, títí tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú páálí ẹrù tí ó ti Éṣíà wá: mọ́dábọ́ọ̀dù níhìn-ín, páwápáàkì lọ́hùn-ún, kéèsì lórí ara wọn bí búrẹ́dì. Oníbàárà a sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a sì tò ó lójú rẹ̀. Kúlóònù ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Kò ní orúkọ níwájú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí ti IBM tàbí Compaq, ìyẹn sì tó fún ẹni tí ó fẹ́ fi tẹ ìwé.

Ohun tí kò hàn nínú iye owó náà ni ìmọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti tò kọ̀ǹpútà 50 mọ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ni tán. Bí ẹ̀rọ bá ń ké lemọ́lemọ́ nígbà tí a tàn án, tí ojú mónítọ̀ sì dúdú, kò ní dààmú. Ráàmù ni yóò kọ́kọ́ yọ, yóò nù ún, yóò dá a padà sí àyè rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá gba fírídọ̀mù, lè ṣí ṣọ́ọ̀bù níbikíbi tí iṣẹ́ bá wà. Ọ̀fà sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibẹ̀, nítorí láti ìgbà tí a ti dá Federal Polytechnic sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1992, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ẹni tí yóò bá òun tẹ prójẹ́ẹ̀tì kò wọ́n.

Àwọn kan gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ títò yìí di ilé iṣẹ́ ńlá. Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde ní ọdún 2001, pẹ̀lú àmì náírà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ohun kékeré tí ó mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Florence Seriki, tí ó di olóògbé ní ọdún 2017, dá Omatek sílẹ̀, ó sì kọ́ ibi ìtòpọ̀ sí Ọrẹ́gún ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ṣe prósẹ́sọ̀ tàbí Ráàmù ní Nàìjíríà. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra gbogbo rẹ̀, dísù ni wọ́n sì ń jó kí iná lè wà. Ó ṣòro fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti bá ẹrù tí ẹlòmíràn ti lò tán ní òkèèrè dupò ní ọjà.

Ẹrù náà sì ti ń wọlé. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Basel Action Network kọ ìròyìn kan nípa Èkó, ó sì fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 tí ó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ni ń gúnlẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù. Ìròyìn náà sọ pé apá tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ìdọ̀tí ni àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n jó wọn nínà lórí ààtàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣeé lò kò kéré. Dell àti HP tí ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti lò fún ọdún díẹ̀ dé Ìkẹjà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ níwájú, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti kúlóònù tuntun. Tòkunbọ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ dẹ́kun títò.

Ìtàn kékeré náà bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. VIA ti Taiwan mú ìwọ̀n mọ́dábọ́ọ̀dù Mini-ITX wá ní ọdún 2001, ìwọ̀n tí ẹni tí ń tò ó fúnra rẹ̀ ṣì ń lò títí di òní. Apple gbé Mac mini jáde ní ọdún 2005. Ní ọdún 2012, Lenovo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ThinkCentre tí ó pè ní Tiny. Kò pẹ́ tí HP àti Dell fi tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn òkèèrè rà wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, nítorí pé wọn kò gba àyè. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ wọn, àwọn náà wọ kọ̀ńténà.

Ní Òjòkú, kì í ṣe àyè ni ó mú kí kékeré yìí níyì. Iná ni. Kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Bátìrì ínfátà kan tí a kọ 12V àti 200Ah sí lára gba agbára wáàtì-wákàtí 2,400. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi lásán, ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí a lò kí ó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó ku nǹkan bí 1,000. Kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń tẹ ìwé lè máa jẹ wáàtì 20, mónítọ̀ LED kékeré a jẹ 20 mìíràn. Wákàtí 25 nìyẹn. Kọ̀ǹpútà olókè gíga àtijọ́ tí ń jẹ wáàtì 80, pẹ̀lú mónítọ̀ kan náà, yóò lo bátìrì yẹn tán láàárín wákàtí 10. Ẹni tí ó ń fi epo bẹntiró sínú jẹnẹrétọ̀ láti tẹ ìwé fún oníbàárà mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́ lápò. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ tò lè yan prósẹ́sọ̀ tí kò jẹun púpọ̀ pẹ̀lú Mini-ITX, ṣùgbọ́n irú mọ́dábọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n ju èyí tí ó tóbi lọ.

Owó tún dá kún un. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní ọjà, dọ́là tí kò tó 500 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 1,500 kí oṣù mẹ́wàá tó pé. Tòkunbọ̀ wọ́n, ẹ̀yà tuntun sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú títa Ráàmù Crucial fún àwọn tí ń rà fún ìlò ara wọn, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ọpọlọ àtọwọ́dá ni òun fẹ́ tà fún. Ẹni tí ó fẹ́ tò kọ̀ǹpútà ní Òjòkú ń bá wọn du Ráàmù kan náà. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó rà ní Ìkẹjà bá sì dé tí kò ṣiṣẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè náà tán.

Nítorí náà, fún ẹni tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́la, kékeré tòkunbọ̀ ni ó gbọ́n jù lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kékeré ni ó rí bákan náà. ThinkCentre Tiny gba Ráàmù láàptọ́ọ̀pù lásán, a sì lè fi skrudráífà kan ṣí i. Mac mini ti ọdún 2014, inú ni wọ́n ti fi òjé so Ráàmù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iye tí ó bá a wá ni yóò bá a kú. Nínú gbogbo wọn, mọ́dábọ́ọ̀dù kò bá ìwọ̀n àjọmọ̀ mu mọ́. Bí ti Dell bá jó, ti Dell irú kan náà nìkan ni ó lè rọ́pò rẹ̀, inú òkú ẹ̀rọ mìíràn ni a ó sì ti yọ ọ́. Ilẹ̀kùn tí IBM ṣí ní ọdún 1981 ń padé díẹ̀díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀fà ni ó sì kọ́kọ́ há mọ́ òde.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kó gbogbo kúlóònù àtijọ́ tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé fún àwọn tí ń ra irin. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà, WAEC sì ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn tí ń dá ṣe é ní ọdún 2024. Ọmọ tí ó bá ti tú kọ̀ǹpútà òkú kan palẹ̀, tí ó sì tò ó padà, kò ní máa gbọ̀n nígbà tí ó bá jókòó níwájú èyí tí ó wà láàyè. Kò sí kékeré tí a lè fi kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ yẹn láìbà á jẹ́.

Ẹni tí ó bá wá ń lọ sí Ọ̀fà láti rà, nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kà. Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kò sì fọwọ́ sí Windows 11 lórí prósẹ́sọ̀ Intel tí kò tó ìran kẹjọ. Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì òkèèrè fi ń ju àwọn ti ìran kẹfà àti keje dànù, tí wọn yóò sì pọ̀ lórí àtẹ. Bí a bá kọ i5-6500T sí i lára, ìran kẹfà ni. I5-8500T, ìran kẹjọ. T ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń sọ pé kò jẹ iná púpọ̀. Ti ìran kẹfà ṣì wúlò fún ẹni tí yóò fi Linux sí i, owó rẹ̀ sì yẹ kí ó fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀. Kí ó rí i pé ṣájà tí ó bá a wá ni wọ́n ń fún òun. Kí ó ní kí wọ́n tàn án, kí ó sì wọ inú BIOS lójú rẹ̀. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí olùtajà kò mọ̀, ọ́fíìsì tí ó kọ́kọ́ ni ín ṣì tì í pa nìyẹn. Kí ó dá a padà sórí àtẹ, kí ó mú òmíràn.