Ìdí Tí Ará Ìlú Fi Ń Tako Mímú Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbòòrò

Àwọn baba wa a máa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti mọ òwe yìí, mo sì gbàgbọ́ pé àwọn ẹ̀yà mìíràn ní orílẹ̀-èdè wa ní irú rẹ̀ ní èdè tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń ya àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu. Ìlú tí ó pa òwe yìí ní òwúrọ̀ lè pàdé ní ìrọ̀lẹ́ kí ó sì sọ pé òun kò fẹ́ kí a fi iyàrá kan kún ilé-ẹ̀kọ́ òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ń fún ara wọn pa níbẹ̀. Kí ni ó ń fa irú èyí? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí mo ti ṣì í dáhùn rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ ìbẹ̀wò gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, iyàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Àwọn tí kò rí àyè nínú ilé wà lábẹ́ igi máńgòrò, a gbé pátákó ìkọ̀wé wọn ti ara igi náà. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí. Owó láti kọ́ iyàrá mẹ́rin sí i ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n agboolé tí ó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìpìlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti hú àwọn òpó tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ dànù. Mo wo gbogbo èyí, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé àwọn ará àdúgbò náà kò mọ iyì ẹ̀kọ́. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yọrí sí, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àtakò irú èyí kì í ṣe tuntun, àwọn tí ó jù mí lọ sì ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1952, ìjọba tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ òfin ìṣèjọba tí a ń pè ní ti Macpherson. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rẹ̀ ni ó ń darí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Keje ọdún náà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Olóyè S. O. Awókọ́yà, gbé ìwé ètò kan síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ohun tí ètò náà wí ni pé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, kí gbogbo ọmọ tí ó bá ti tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ máa lọ láìsan kọ́bọ̀, àti pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́fà. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà, òbí ni ó sì ń san owó. Bí baba kan bá ní ọmọ márùn-ún, ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò rán lọ, kí àwọn yòókù máa bá a ro oko.

Ètò náà dára, ṣùgbọ́n láti ibo ni owó yóò ti wá? Ìjọba ní láti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún iyàrá, kí ó sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ láàárín ọdún méjì péré. Wọ́n wá fi àfikún lé owó orí: ṣílè 10 àti sísì ni kí olúkúlùkù tí ń san owó orí mú wá fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Níbẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí ó ń pariwo, kí a má baà kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Àgbẹ̀ wà láàárín wọn, tí ó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a ṣa kòkó tí ó sì ń bá a lé ẹyẹ lóko. Lójú ẹni bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ni ìjọba ń gbà lọ́wọ́ òun: ó gba owó, ó sì gba òṣìṣẹ́. Àgbàlagbà wà láàárín wọn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ti fi owó ara rẹ̀ tọ́ wọn, tí a sì tún ní kí ó wá san ti ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn tí ó ti rí i pé ọmọ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n pẹ̀lú orúkọ Músá lè jáde pẹ̀lú orúkọ Mósè. Irú ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, máa kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ìkẹyìn, àwọn kan wà tí kò ní ohun mìíràn í sọ ju pé ìjọba ti gba owó lọ́wọ́ àwọn rí, tí àwọn kò sì rí ohun tí a fi ṣe. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ta ni a lè pè ní ọ̀tá ẹ̀kọ́?

Ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, gbé ẹ̀sùn owó orí yìí kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ìdìbò sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ dé ní 1954, ìjókòó 23 nínú 42 ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni NCNC gbà, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ń ṣe ìjọba sì gba 18. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ṣílè 10 àti sísì yẹn wà lára ohun tí ó gbé wọn ṣubú. Síbẹ̀ ìjọba kò yí ètò rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, a ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà ní 1954 fi díẹ̀ ju 450,000 lọ. Ní 1955 wọ́n ti ju 800,000 lọ. Nígbà tí yóò fi di 1958, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí, nítorí náà olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ wọlé. Bí kò bá kàn án, a ní kí ìyá rẹ̀ mú un padà lọ sílé. Títí di òní ni àwọn àgbà tí ó wà lára ọmọ ìgbà náà ń rántí ọwọ́ tí wọ́n nà títí tí apá fi ń dùn wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé ìlú tí ó ti kọ owó orí ní 1954 náà ni ó kó ọmọ wá ní 1955. Nígbà tí ẹni tí ó ń bínú sí owó rí i pé ọmọ tòun pàápàá ti ń ka ááfábẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ní ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ẹkùn ní 1956, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ padà borí. N kò wí pé gbogbo àwọn tí ó tako ètò náà ni ó ṣìnà. Àwọn kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yóò pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a gbé síwájú kíláàsì ni kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Kò pé ọdún mẹ́fà tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ S. A. Bánjọ, ìròyìn wọn ní 1961 sì sọ pé àfi kí a tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ṣe. Bí a bá ti tẹ́tí sí àwọn oníbẹ̀rù ìgbà náà dáadáa, bóyá a kì bá ti rí ọmọ tí ó jókòó ọdún mẹ́fà tí kò lè ka lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì odò Ọya. Ní Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, ìjọba Dókítà Nnamdi Azikiwe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1957. Àwọn Kátólíìkì ti tako apá kan ètò náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjọba fẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tuntun wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ìjọ. Owó tí ètò náà ń jẹ sì ju agbára ìjọba lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958, wọ́n dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ní kúrò nínú ìtàn wa: ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn obìnrin jáde sí ìgboro láti ìlú dé ìlú, wọ́n ní àwọn kò gbà, títí ìjọba fi kó ọlọ́pàá jáde. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò lọ sí ilé-ìwé rí, ọ̀pọ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n a ti ṣe ìlérí fún wọn, a sì ti gba ìlérí náà padà láìbi wọ́n léèrè. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ènìyàn bínú sí ohun tí wọn kò tíì rí. Ní Ìlà-Oòrùn, wọ́n bínú sí ohun tí wọ́n ti rí tí a sì já gbà lọ́wọ́ wọn. Gbòǹgbò kan náà ni ìbínú méjèèjì ní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní òkè òkun, mo kà nípa òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870, tí ó fún ìlú kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ níbi tí kò bá sí èyí tí ó tó. Owó orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àwọn onílé kan kùn pé owó ti pọ̀ jù, àwọn ìjọ sì kùn pé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yóò gba ọmọ lọ́wọ́ tiwọn. Ó di 1891 kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó di ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ níbẹ̀. Bí mo ti ń kà á, ẹ̀rín pa mí, nítorí ó dà bí ẹni pé mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn wa.

Mo wá padà sí abẹ́ igi máńgòrò tí mo fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò yanjú, mo lọ jókòó pẹ̀lú olórí agboolé náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe yín?” Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́. Bàbá mi ni ó fi ilẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní wọn yóò fún un ní ìwé tí yóò fi hàn pé òun ni ó ta á lọ́rẹ, wọn kò fún un títí ó fi kú. Ibi tí àwọn awọnlẹ̀ wá rì òpó sí yìí, ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ-ọmọ mi márùn-ún ni ó wà lábẹ́ igi yẹn. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn sí i?”

N kò rí ẹnu fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tún pàdé lẹ́yìn ìyẹn. A sún ìpìlẹ̀ sí apá kejì, a yọ ibojì náà sílẹ̀, a kọ ìwé tí a ti ń retí láti ayé bàbá rẹ̀, a sì kà á sí etí gbogbo agboolé. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀pá hàn wá níbi tí ààlà gbà. Iyàrá mẹ́rin náà ti dúró lónìí. Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó parí, ọdún méjì ti kọjá, àwọn ọmọ tí mo bá lábẹ́ igi ti dé kíláàsì kẹta láìwọ abẹ́ òrùlé. Ọdún méjì náà kò ṣe é dá padà fún wọn, ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè ní àkókò sì ni ó ná wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ìhà èyíkéyìí tí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, irú ọ̀ràn yìí yóò kàn yín, nítorí àwọn ọmọ wa ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní oṣù Kẹsàn-án 1976, iye ọmọ tí ó wá ju iye tí a retí lọ jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ẹ̀yin ni ará ìlú ń rí lójoojúmọ́. Àwa alábẹ̀wò a wá, a sì lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé àdúgbò kan ní òun kò fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ òun gbòòrò, ẹ má ṣe yára kọ orúkọ òpè mọ́ wọn lára. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí yóò san owó, ìjọ tí yóò máa ṣàkóso, àti ìlérí tí a ti ṣe rí tí a kò mú ṣẹ. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa kí awọnlẹ̀ tó dé.